Bí A Ṣe Ń Ṣe Àwòrán Òjìji, Láti Ara Ògiri Dé Orí Káàdì Ìpè

Ẹ mú owó ọgọ́rùn-ún náírà kan jáde, irú èyí tí ìjọba kọ́kọ́ gbé síta lọ́dún 1999. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ló wà níwájú rẹ̀. Àpáta Zuma, tó wà lẹ́bàá Súlèjà lójú ọ̀nà Abuja sí Kàdúná, ló wà lẹ́yìn. Ká sọ pé ẹnì kan wá fi tàdáwà dúdú kun àwòrán méjèèjì pátá, tí kò jẹ́ kó kan ibi tó yí wọn ká. Àpáta náà ò ní sọnù, torí ẹnikẹ́ni tó bá ti gba ọ̀nà yẹn kọjá rí á dá a mọ̀. Bàbá Awólọ́wọ̀ náà ò ní sọnù, fìlà rẹ̀ á sọ ẹni tó jẹ́. Ṣùgbọ́n awò ojú rẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀ á parẹ́, nítorí inú ojú ló wà, kò yọ síta.

Gbogbo iṣẹ́ àwòrán òjìji ló wà nínú ìyàtọ̀ fìlà àti awò ojú yìí. Ohun tó bá yọ sí etí, ìyẹn bèbè òde àwòrán, ló wà. Ohun tó bá wà nínú, ẹ gbàgbé rẹ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń sọ nìyẹn fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní Kubwa, ní Abuja, kí wọ́n tó fọwọ́ kan àlùmọ́gàjí.

Orúkọ náà, àti àwọn tó fi iṣẹ́ yìí jẹun

Silhouette tí àwọn òyìnbó ń pè é, orúkọ ènìyàn ni. Étienne de Silhouette ni mínísítà ètò ìnáwó ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1759, lábẹ́ Ọba Louis Kẹẹ̀ẹ́dógún. Ogun ti jẹ àpò ìjọba gbẹ, ọkùnrin yìí sì ní kí àwọn olówó náà máa san owó orí. Wọn ò jẹ́ kó pé ọdún kan lórí àga tí wọ́n fi yọ ọ́. Wọ́n wá ń fi orúkọ rẹ̀ pe ohunkóhun tó bá jẹ́ olówó pọ́ọ́kú tí kò ní ọ̀ṣọ́ lára, títí orúkọ náà fi lẹ̀ mọ́ àwòrán dúdú tí wọ́n ń gé láti ara bébà. Ẹni tí kò lówó tí yóò fi bẹ ayàwòrán lọ́wẹ̀ lè ra irú èyí fún ìyàwó rẹ̀.

Ẹni tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí ni Moses Williams. Ẹrú ni nílé Charles Willson Peale, ayàwòrán tó ní mùsíọ́ọ̀mù ní Philadelphia, ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn tó gba òmìnira lọ́dún 1802, iṣẹ́ gígé àwòrán òjìji fún àwọn tó ń wá wo mùsíọ́ọ̀mù di tirẹ̀. Ẹ̀rọ kan ló fi ń tọ ìlà ojú wọn, àlùmọ́gàjí ló sì fi ń gé e. Sẹ́ǹtì mẹ́jọ ni wọ́n ń gbà lórí ọ̀kan. Owó iṣẹ́ yìí ló fi ra ilé. Nígbà tí fọ́tò dé lọ́dún 1839, ọjà àwọn agébébà bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ṣùgbọ́n ọgbọ́n wọn kò kú. Lọ́dún 1926, Lotte Reiniger, obìnrin ará Jámánì, gbé fíìmù gígùn kan jáde tó jẹ́ pé ère bébà gígé ni gbogbo òṣèré inú rẹ̀, ọdún mẹ́ta ni wọ́n sì fi ṣe é. Ní àsìkò tiwa yìí, Kara Walker, obìnrin aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, ń fi bébà dúdú tó tó ènìyàn ní gíga sọ ìtàn oko ẹrú lára ògiri. Àwọn tó ń wò ó kì í lè jókòó jẹ́jẹ́, nítorí ojú ò hàn, ìwà ìkà sì hàn kedere.

Pásítọ̀ kan náà wà ní Swítsálándì, Lavater, tó gbà láàárín ọdún 1770 sí 1780 pé òun lè wo òjìji imú àti iwájú orí ènìyàn kí òun sọ ìwà rẹ̀. Ẹ má dá a lóhùn. Imú kì í sọ ìwà. Àga tí wọ́n ṣe láti fi di orí mú nígbà tí wọ́n bá ń tọ ìlà ojú nìkan ló wúlò fún wa nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, màá sì padà sórí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wá etí tó ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu

Kí ẹ tó tan iná kankan, ẹ wo ẹni tí ẹ fẹ́ yà, kí ẹ bi ara yín léèrè: bí mo bá kun ẹni yìí dúdú látòkè délẹ̀, kí ló máa kù tí ìyá rẹ̀ á fi dá a mọ̀? Bó bá dojú kọ yín, kò sí ohun púpọ̀ tó máa kù, torí orí gbogbo wa rí rogodo láti iwájú. Ẹ jẹ́ kó kọ ẹ̀gbẹ́ sí yín, kí iwájú orí, imú, ètè, àgbọ̀n àti ọrùn lè sọ̀rọ̀. Ilà ojú ò ní hàn. Ẹ̀rín ò ní hàn àyàfi bí ẹnu bá là. Léèsì olówó iyebíye àti ànkárá di ọ̀kan náà. Èyí ni kí ẹ tètè sọ fún ìyá ìyàwó, nítorí òun ló máa bínú jù.

Aṣọ wa bá iṣẹ́ yìí mu púpọ̀. Fìlà abetí-ajá ní etí méjì tó yọ sílẹ̀, gọ̀bì tí a tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ní ibi tó ga àti ibi tó rọ̀. Gèlè tó bá nà sókè dára láti ẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n èyí tó tẹ́ bí abọ́ lẹ́yìn orí, iwájú ló dára sí jù, òun nìkan sì ni mo máa ń torí rẹ̀ gbà kí ènìyàn dojú kọ mí. Bí agbádá bá wà nílẹ̀, ẹ ká apá rẹ̀ sórí èjìká. Bí apá náà bá rọ̀ wálẹ̀, ọwọ́ á sọnù, ènìyàn á wá di àpò ńlá kan. Onílù gángan rọrùn láti yà ju gbogbo wọn lọ: ìlù lábẹ́ abíyá, kọ̀ǹgọ́ tó tẹ̀ lókè, ìgbọ̀nwọ́ tó yọ síta. Ẹ ò nílò ju ìyẹn lọ.

Àwọn tí a jọ ń gbé ní Àríwá níbí náà ní tiwọn. Láwàní Ẹ́míà àti àwọn ọmọ ọba ní Kánò ní etí méjì tó dìde lórí, kò sì sí ẹni tó máa rí i tó máa rò pé ìmàlé lásán ló ń lọ. Kàkàkí, fèrè ààfin tó gùn ju ènìyàn lọ, kì í nílò àlàyé. Darandaran Fúlàní dé málàfà, ó gbé ọ̀pá kọ́ èjìká, ó fi ọwọ́ méjèèjì rọ̀ mọ́ ọn. Àmọ́ bí gbogbo àwòrán òjìji tí ẹ ṣe nípa ibí yìí bá jẹ́ darandaran àti màlúù, ẹ ò tíì wo ìgboro dáadáa. Ẹ wo máí rúwà tó ń ti ọmọlanke tí kẹ́ẹ̀gì omi kún dẹ́nu ní Nyanya, ara rẹ̀ tẹ̀ síwájú, ẹsẹ̀ kan nà sẹ́yìn. Ẹ wo ẹni tó ń sun súyà ní ìrọ̀lẹ́ tí ẹ̀yinná wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti fi àwòrán máí rúwà yìí ṣe káàdì fún ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ìbàdàn kan, ẹnu sì yà wọ́n pé àwọn ń rí i lójoojúmọ́ láì wò ó.

Àwọn aránṣọ náà ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, ṣéépù ni wọ́n ń pè é. Bùbá àti ìró ní ṣéépù tirẹ̀, búbú ní tirẹ̀, gáùn tó fún mọ́ra dé orúnkún tó wá tú jáde nísàlẹ̀ ní tirẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ṣéépù kan bá ènìyàn mu, ẹ jẹ́ kó dúró níwájú fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, kí ẹ sì rún ojú díẹ̀ wò ó.

Ìgbésẹ̀ kejì: iná, ògiri àti bébà

Ọ̀nà yìí ti pẹ́. Pliny ará Róòmù kọ ọ́ sílẹ̀ ní nǹkan bí ẹgbàá ọdún sẹ́yìn pé ọmọbìnrin amọ̀kòkò kan ní Kọ́ríńtì tọ ìlà òjìji olólùfẹ́ rẹ̀ sára ògiri lábẹ́ fìtílà, nítorí pé ọmọkùnrin náà fẹ́ rìnrìn àjò.

Yàrá tó ṣókùnkùn ni ẹ nílò, àti iná kan ṣoṣo. Bí iná bá ti lọ ládùúgbò, ọjọ́ ti bá yín mu. Gílóòbù gbọọrọ inú pálọ̀ ò dára, nítorí iná tó bá fẹ̀ máa ń jẹ́ kí etí òjìji rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Tọ́ọ̀ṣì oníná kékeré kan tàbí iná ẹ̀yìn fóònù ló ń gé e mú. Ẹ gbé e sórí nǹkan tó dúró sójú kan, kó ga tó ojú ẹni tó jókòó. Tó bá wà nílẹ̀, àgbọ̀n á gùn, imú á sì gbòkè lọ.

Ẹ jẹ́ kí ẹni náà jókòó, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjú sí ògiri, kí orí rẹ̀ má ju ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà lọ sí i. Kí iná wà ní nǹkan bíi mítà mẹ́ta sí orí rẹ̀ lódìkejì. Ìṣirò rẹ̀ nìyí: láti iná dé ògiri jẹ́ mítà 3.3, láti iná dé orí jẹ́ 3, nítorí náà òjìji á fi bí ìdá kan nínú mẹ́wàá tóbi ju orí gan-an lọ. Bí ẹ bá sún iná wá sí mítà kan, tí orí sì jìnnà sí ògiri ní ìdajì mítà, òjìji á fi ìdajì tóbi jù, etí rẹ̀ á sì fẹ́lẹ́. Tí yàrá yín bá kéré, orí ni kí ẹ sún mọ́ ògiri, ẹ má sún iná mọ́ orí.

Ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ bébà mọ́ ògiri. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ọwọ́ yín má bàa dí iná. Pẹ́ńsùlù tó mú ni kí ẹ lò. Iwájú orí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ dé àgbọ̀n láì dúró, nítorí ibẹ̀ ni ẹni náà ti máa ń mira. Ẹ̀yìn orí lè dúró. Orí tí kò sinmi lé nǹkan kan kì í dúró sójú kan, ibí sì ni àga Lavater ti wúlò: ẹ fi ìrọ̀rí líle ti orí rẹ̀ lẹ́yìn. Ọmọdé ò ní jókòó fún yín. Ẹ yà á ní ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú fóònù, ẹ tẹ̀ ẹ́ síta ní ìwọ̀n tí ẹ fẹ́, kí ẹ tọ ìlà rẹ̀ lórí tábìlì.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ gé e, ẹ kọ́kọ́ lẹ bébà tí ẹ tọ̀ mọ́ ẹ̀yìn bébà dúdú tó nípọn díẹ̀. Àlùmọ́gàjí kékeré tó mú ṣóńṣó ni kí ẹ lò. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ tó di àlùmọ́gàjí mú dúró sójú kan, bébà ni kí ẹ máa yí. Ẹ kọ́kọ́ gé ojú, kó jẹ́ pé bó bá bàjẹ́, ẹ ò tíì fi àkókò ṣòfò lórí gèlè. Ìpéǹpéjú tó yọ síta díẹ̀, àlàfo kékeré láàárín ètè méjì, irun tó já lẹ́yìn ọrùn: àwọn nǹkan bíńtín yìí ló ń sọ òjìji di ènìyàn kan pàtó. Bí ẹ bá gé wọn kúrò kí etí lè dán, ẹni náà á di ẹnikẹ́ni.

Ìgbésẹ̀ kẹta: fóònù àti oòrùn

Ní Abuja, láàárín aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ àti aago méje kù díẹ̀ ni oòrùn máa ń wọ̀ jálẹ̀ ọdún, oṣù kọkànlá àti ìkejìlá ló sì ti máa ń tètè wọ̀ jù. Lẹ́yìn tó bá wọ̀, bí ogún ìṣẹ́jú ni ìmọ́lẹ̀ ọ̀run fi ṣì wúlò, ilẹ̀ á sì ṣú mọ́ yín lórí. Nígbà ọyẹ́, eruku á sọ oòrùn di róbótó pupa tí kò ta yanran mọ́, ó dára fún àwòrán ènìyàn tó dúró níwájú rẹ̀ gan-an, àwọn òkè tó wà lọ́nà jíjìn á sì funfun ní ìpele ìpele. Lẹ́yìn òjò, ọ̀run á mọ́, àwọ̀ rẹ̀ á sì lágbára. Etí adágún Jábì dára nítorí ojú ọ̀run ṣí sílẹ̀ níbẹ̀. Mọ́sáláṣí Àpapọ̀ náà dára: àwọ̀ wúrà orí rẹ̀ á parẹ́ sínú dúdú, ṣùgbọ́n orí róbótó náà pẹ̀lú òpó gíga mẹ́rin tó yí i ká ò ní ṣì yín lọ́nà.

Ìkìlọ̀ kan ṣáá: ẹ má ya sójà, ẹ má ya ibi tí wọ́n ti ń yẹ ọkọ̀ wò, ẹ má sì kọjú kámẹ́rà sí agbègbè Aso Villa. Àlàyé pé iṣẹ́ ọnà ni ẹ ń ṣe kì í wọ ẹni tó gbé ìbọn létí.

Ẹ fi ènìyàn sáàárín ara yín àti ìmọ́lẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kódà kí ẹ dùbúlẹ̀, kí orí àti èjìká rẹ̀ lè bọ́ sójú ọ̀run, kó má dà pọ̀ mọ́ igi àti òrùlé. Ẹ fi ìka tẹ ojú ọ̀run lórí fóònù, ẹ má tẹ ènìyàn náà. Àmì oòrùn kékeré á yọ, ẹ fà á sísàlẹ̀ títí ènìyàn náà á fi dúdú. Ẹ pa flash àti HDR, nítorí àwọn méjèèjì ń sapá láti fi ojú hàn yín nígbà tí ẹ ò fẹ́ rí i. Ẹni tó ní kámẹ́rà gidi lè bẹ̀rẹ̀ láti ISO 100, f/8 àti 1/500, kó máa ti ibẹ̀ yí i, ṣùgbọ́n kó má fi ojú wo oòrùn gan-an láti inú ihò kámẹ́rà.

Tọkọtaya ló máa ń fa wàhálà. Wọ́n á fẹ́ dì mọ́ra, òjìji wọn á sì di òkìtì kan tó ní orí méjì. Ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba àárín wọn kọjá: kí wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, kí imú má kan imú, kí ìgbọ̀nwọ́ má lẹ̀ mọ́ ìhà.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ojú pamọ́ ní tòótọ́

Àwọn oníbàárà kan máa ń wá torí pé wọn ò fẹ́ kí ojú ìyàwó hàn lórí káàdì, òmíràn nítorí ẹ̀sìn, òmíràn nítorí pé wọn ò fẹ́ kí àwòrán ọmọ àwọn máa kiri orí Facebook. Lórí ti ẹ̀sìn, ẹnu àwọn àlùfáà ò kò. Ẹlòmíràn gba àwòrán tí kò ní ojú àti imú, ẹlòmíràn ò fẹ́ àwòrán ènìyàn rárá. Ẹ bi oníbàárà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Lórí ti ààbò ni kí ẹ ti ṣọ́ra jù. Fọ́tò tó dúdú lójú yín lè má dúdú nínú fáìlì. Ẹni tó bá gbà á lè fa ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sókè nínú áàpù àtúnṣe, kí ojú tí ẹ rò pé ẹ ti pamọ́ sì yọ jáde. Nítorí náà, bó bá jẹ́ ẹlẹ́rìí, ọmọdé, tàbí ẹni tí wọ́n ti fìyà jẹ ni, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé òkùnkùn kámẹ́rà. Ẹ tọ ìlà rẹ̀, ẹ fi dúdú kíkún kùn ún, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ bíi fáìlì tuntun tí fọ́tò kankan kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ẹ yọ àkọsílẹ̀ ibi tí wọ́n ti yà á kúrò. Kí ẹ sì rántí etí: ẹnu, imú àti fìlà tó ń jẹ́ kí àwòrán dára ló tún ń tú àṣírí. Ẹni tó ń sá pamọ́ kò gbọdọ̀ kọ ẹ̀gbẹ́. Ẹ jẹ́ kó kọ ẹ̀yìn síta, kó ṣí fìlà, kí ẹ fi aṣọ bo èjìká. Bó bá jẹ́ fídíò ni, ohùn rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ yí padà, nítorí ará ilé kì í nílò ojú kó tó dá ohùn mọ̀.

Òjìji nínú ọ̀rọ̀

Ẹni tó ń kọ ìtàn náà ń ya òjìji, òfin kan náà ló sì de òun. Bí ẹnì kan bá dúró lẹ́nu géètì tí iná mọ́tò wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ò lè sọ fún wa pé ojú rẹ̀ pọ́n tàbí pé aṣọ rẹ̀ jẹ́ aró. Ẹ ò rí i. Gíga, ìsanra, ohun tó wà lórí, ohun tó wà lọ́wọ́ àti ìrìn, ìwọ̀nyí ni ẹ ní.

Èdè wa sì ti gbẹ́ irinṣẹ́ sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Ràgàjì, rogodo, róbótó, gbọọrọ, tẹ́ẹ́rẹ́, ṣóńṣó, pẹlẹbẹ, fíofío: kò sí èyí tó sọ àwọ̀ nínú wọn, kò sí èyí tó sọ ojú, síbẹ̀ ẹni tó bá gbọ́ ọ ti rí i. Ẹ kọ́kọ́ lo èyí tó sọ bí gbogbo rẹ̀ ṣe tóbi sí, ẹ tẹ̀ lé e pẹ̀lú etí kan tó ṣàjèjì, kí ẹ wá jẹ́ kó rìn. Báyìí:

Nǹkan ràgàjì kan dúró ní kọ̀rọ̀ géètì. Orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, èjìká kò sí. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó tiro, nǹkan gbọọrọ kan sì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mẹ́gáàdì ni, ó fi búláńkẹ́ẹ̀tì borí nítorí ọyẹ́, ó mú ọ̀pá dání. Ṣùgbọ́n ẹ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ di ìgbà tó bá ṣí ẹnu kí wa. Bí ẹ bá tètè dárúkọ rẹ̀, ẹ ti tan iná sí i lójú nìyẹn.

Bí a bá ní ẹnì kan ń tẹ̀ lé ẹnìkejì bí òjìji, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn, àìkúrò lẹ́yìn ni a ń sọ, a ò sọ ti ìrísí. Ìbòòji tí a ń sá sí lábẹ́ igi tàbí lábẹ́ ẹni ńlá tún yàtọ̀. Mo ti rí ìtàn tí òǹkọ̀wé ti pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lójú ewé kan, ó sì pin òǹkàwé lẹ́mìí.

Kó tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé

Ẹ dín àwòrán náà kù títí á fi tó sẹ̀ǹtímítà méjì. Bí ẹ kò bá mọ ẹni náà mọ́, ẹ padà síbi etí, ohun kan ti pọ̀ jù tàbí ó kéré jù. Ẹ wá yí i padà, kó funfun lórí dúdú. Àwọn ibi tínrín á tún tínrín sí i báyìí, nítorí tàdáwà máa ń tàn wọ inú funfun nígbà títẹ̀. Èmi kì í jẹ́ kí ibi kankan tínrín ju ìdajì mílímítà lọ bó bá jẹ́ àwọ̀ wúrà ni wọ́n fẹ́ lẹ̀ mọ́ káàdì. Ọ̀já gèlè àti ẹnu kọ̀ǹgọ́ ló máa ń kọ́kọ́ já.

Ẹ tọ ìlà rẹ̀ nínú CorelDRAW tàbí irú áàpù bẹ́ẹ̀, kí ẹ fi í ránṣẹ́ bíi PDF tàbí SVG. Bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ bíi fọ́tò lórí WhatsApp, WhatsApp á fún un pọ̀, etí rẹ̀ á sì máa rí págunpàgun. Ẹ fi í ránṣẹ́ bíi dókúmẹ́ǹtì. Kí atẹ̀wé kọ́kọ́ tẹ ẹyọ kan fún yín lórí bébà gan-an tí ẹ máa lò, kí ẹ tó san owó tó kù.